Ọwọ́ Ìyá Àgbà Kọ́ Ló Ba Sítátà Rẹ Jẹ́

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Ajé.

Gàníyù,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo rí Sìkírá, ìyàwó Bùràímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ti ọsibítù dé pẹ̀lú ọmọ tuntun lápá. Mo rí ìgò àdí àti òrí nínú àwo kékeré tí wọ́n ti gbé sílẹ̀ de Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, nítorí òun ní í kọ́kọ́ wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sí agbo ilé yìí. Mo rí Ìyá Àgbà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi. Mo rí i tó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn. Mo rí orí ọmọ náà tó yẹ̀ sẹ́yìn, nítorí Sìkírá kò tíì mọ ọmọ gbé. Mo rí ojú Ìyá Àgbà lára orí ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jáde. Mo rí Ìyá Ráfíù, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń fi eérú fọ ife tí Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún un fọ̀. Mo rí ọkọ̀ rẹ níta, tapólì lórí rẹ̀, ewúrẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rí i báyìí. Àgbà wà ńlé, orí ọmọ wọ́. Ìwọ lo fà á.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ, n kò pe orúkọ rẹ rí. O ti wà nílé kí n tó dé, ọkọ ni o jẹ́ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà nígbà náà ni. Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ ọ́. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀rùn kẹ́ ẹ, a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ tí kò ga ju àpótí lọ ni mò ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Lónìí, orúkọ tí àlùfáà sọ ọ́ ni mo fi pè ọ́. Fi ìyẹn mọ bí inú mi ṣe rí.

O kọ̀wé pé ọlọ́kọ̀ tó gbà ọ́ ní Ìbàdàn ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀, pé àwọn tó dàgbà jù ọ́ lọ ń pè ọ́ ní ọ̀gá, kí n sì gbà ọ́ nímọ̀ràn bí ìyá ṣe ń gba ọmọ nímọ̀ràn. Ó dára. O mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Ráfíù ní àwọn òyìnbó ilé-ìwé ló gba ẹnu mi, tí wọ́n fún mi ní gègé dípò rẹ̀. Jókòó, kí o ka ohun tí gègé náà ní í sọ.

Èkínní. Ohun tó bá wọlé nígbà tó tutù, má tíì sọ pé ó ti wọlé.

Iwájú fèrèsé mi lo ti ṣe ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ, ojú mi sì wà lára rẹ láti ọjọ́ tí o ti yọ ẹ́ńjìnnì kékeré inú ọkọ̀ bàbá rẹ sọ sílẹ̀, tí o gbé ti lọ́rì ṣójà sí i. Nígbàkúùgbà tí o bá wọlé wá jẹun ni o máa ń ṣàlàyé fún mi, òróró dúdú lọ́wọ́ rẹ, tí n ó ní kí o kọ́kọ́ lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. O ní páìpù èéfín tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá tóbi jù, pé ó ń kọlu irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Mo gbà. O lọ bá wẹ́dà kan ní Pópó Àgùdà, ó tẹ páìpù mìíràn fún ọ, wọ́n rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun ẹran. O fi ọ̀dà fàdákà kùn wọ́n, o sì dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí o de páìpù tán ni o wá rántí sítátà.

Mo wò ọ́ lọ́jọ́ náà. O gbé sítátà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tí kò mọ ibi tí yóò tẹ́ ẹ sí. O gbé e gba òkè, kò wọlé. O gbé e gba ìsàlẹ̀, ó há. Níkẹyìn o dojú rẹ̀ dé, o fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n sípánà rẹ kò lè dé ibi bóòtù kejì mọ́, páìpù ti dí ọ̀nà. Bóòtù kan ṣoṣo ni o fi dè é. O wò mí lójú fèrèsé, o rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Lásìsì, tó kọ́ ọ níṣẹ́, wá wò ó nírọ̀lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki orí sábẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Gàníyù, tú páìpù yẹn sílẹ̀. Sítátà ló ń kọ́kọ́ wọlé, kí páìpù tó yí i ká. Jẹ́ kí wẹ́dà tún un tẹ̀ kó jìnnà sí i, tàbí kí o ki páànù sáàárín wọn, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà."

O fi bébà pélébé kan gba àárín páìpù àti sítátà kọjá, o ní, "Àyè wà níbẹ̀, sà. Ẹ wò ó."

Ó ní, "Ní tútù ni o ti ń wò ó."

O dá a lóhùn pé wẹ́dà kò ní ráyè títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àìkú sì ni fìrídọ́ọ̀mù rẹ. Àwọn àlejò ti gbọ́. Ìyẹn ni ìdáhùn rẹ. Nítorí kí àlejò má bàa dúró, o ní kí irin gbígbóná àti sítátà máa sùn lórí ẹní kan ṣoṣo.

Jẹ́ kí n sọ ti ara mi fún ọ, níwọ̀n bí lẹ́tà ìmọ̀ràn ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé yìí, bàbá rẹ ra sítóòfù fún mi. Mo wá àyè fún un. Abẹ́ pẹpẹ tí àwọn fìlà rẹ̀ wà ni mo rí i pé ó bá mu rẹ́gí, bíi pé wọ́n fi ìwọ̀n ṣe é. Inú mi dùn sí i fún odindi ọ̀sán kan. Nírọ̀lẹ́ mo tan iná sí i, mo jáde lọ bu omi. Kí n tó dé, abẹ́ pẹpẹ ti dúdú, fìlà tó fi gbé mi níyàwó sì ti jó ní etí. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó wọlé, ó da aṣọ tútù bò ó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pẹpẹ náà jáde gba ẹ̀yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ní, "Ìyàwó, iná ń fẹ́ àyè ju ènìyàn lọ." Bẹ́ẹ̀ ló wí, kò tún sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ béèrè fìlà, Ìyá Àgbà ní ọwọ́ òun ló ti jó.

Rántí ohun tí ó ṣe fún mi yẹn. N ó padà sórí rẹ̀.

Èkejì. Iṣẹ́ tí o kò bá tíì fi han àgbà, má fi han ọ̀rẹ́.

Gbogbo wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fìrídọ́ọ̀mù á gbé iṣẹ́ tó dá ṣe síwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bà á, kí ọ̀gá tó ṣàdúà, kó tó gbé sípánà lé e lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo ní Ìyá Àgbà ni kó tẹ bọ́tìnì sítátà, kí ọkọ̀ náà gbéra lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí o ti sọ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ó pè mí, ó ní kí n bá òun gé èékánná, kó má bàa ha ọkọ̀ ọmọ òun. Ó ṣe àlùwàlá. Ó wọ aṣọ funfun.

Ìwọ ńkọ́? Bí a ti kírun Àsùbáà tán báyìí ni o ti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sínú ọkọ̀. Ẹ lọ Pópó Àgùdà, kí wẹ́dà lè gbọ́ bí páìpù rẹ̀ ṣe ń dún. Ẹ gba Balógun, ẹ gba Ìdúmọ̀tà, ẹ tún yí padà. A ń gbọ́ yín láti inú ilé. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ mi ló ń bú yẹn." Àwọn àlejò ti jókòó tán kí o tó dé. Ooru ń yọ lókè bónẹ́ẹ̀tì, bí èyí tí ń yọ lórí òrùlé páànù lọ́sàn-án. O pa á. Ọ̀gá Lásìsì wo bónẹ́ẹ̀tì, ó sì wò ọ́.

A gbé Ìyá Àgbà jókòó sínú ọkọ̀. O fi ìka rẹ̀ lé bọ́tìnì. Ó ní, "Bísímílàhì," ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà dún "tàk", ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Tàk. Ó fi ọwọ́ kejì ti ìka rẹ̀ lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin. Tàk.

Ìgbà yẹn gan-an ni òtítọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ. Gbólóhùn kan péré ni: "Ẹ forí jì mí, sítátà ti gbóná." Ṣùgbọ́n o wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Ìyá Àgbà, ọwọ́ yín ni kò sunwọ̀n lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. O gbé e sọ̀ kalẹ̀, o jókòó síbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ọkọ̀ náà títí dé orígun, o fi sí gíà, ó sì bú ramúramù. Mo rí bí àwọn obìnrin ṣe wojú ara wọn. Ìyá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n. Ó ní, "Kò burú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

N kò sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, nítorí mo gbà pé wàá lọ bá a nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí o ti wà nínú lọ́rì Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dùn mí jù, n kò sì mọ bí n ó ṣe kọ ọ́ kí ìwé má fàya.

O mọ̀ pé Ìyá Ráfíù sin ọmọ ọwọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Àìsàn kékeré ni, ibà ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ẹni tí yóò bi léèrè ìdí. Obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ kì í yé wá a. Ìwọ wá dúró níwájú gbogbo agbo ilé, o sọ fún un pé ọwọ́ Ìyá Àgbà kò sunwọ̀n. Ọwọ́ ta ni ó wẹ ọmọ Ìyá Ráfíù? Ẹ̀fẹ̀ ni ìwọ pè é. O ju ẹ̀fẹ̀ sí iwájú ilé, o lọ. Ó ti di ọ̀rọ̀ ìdí àdògán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọn kò tíì pe Ìyá Àgbà ní orúkọ tí wọ́n fẹ́ pè é lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, ìwọ náà sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe arúgbó obìnrin tí ọmọdé ń kú mọ́ lọ́wọ́. Ìwọ mọ ohun tí wọ́n ń fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe ní àdúgbò mìíràn. Má bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé Èkó là wà.

Nígbà tí Sìkírá gbé ọmọ lọ bá Ìyá Àgbà láàárọ̀ yìí, ó ní, "Wá ẹlòmíì, ìyàwó. Ọwọ́ mi ń dùn mí." Ọwọ́ kankan kò dùn ún. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.

Inú bí mi. Mo jáde, mo ká tapólì kúrò, mo lé ewúrẹ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó nínú yàrá rẹ. Ọkọ̀ tí ẹnì kan kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù, ó tutù bí omi àmù. Mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ẹ́, ó bú. Mo pe gbogbo wọn jáde. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ráfíù káwọ́ gbera. Ó ní, "Ẹ kò rí i? Ọwọ́ ìyàwó ni kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Ọkọ̀ náà mọ ọwọ́."

Mo ní kó dúró. Mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí ooru fi yọ lókè bónẹ́ẹ̀tì, mo pa á, mo tún un tẹ̀. Tàk. Mo ní, "Ìyá Ráfíù, ọwọ́ kan náà ni. Ooru ni. Páìpù ló ń yan sítátà." Ṣé o mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó gbójú sókè sí fèrèsé Ìyá Àgbà, ó ní, "Òun ló ń wò ó láti òkè yẹn."

Nítorí náà kò sí ẹ̀rí tí mo lè gbé kalẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ohun tí ènìyàn bá gbé kò ó, yóò jẹ ẹ́, yóò sì fi sanra. Ẹnu tó sọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló lè kó o.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Ìyá Àgbà, ó béèrè pé, "Múínátù, ṣé ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọ?"

Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́, mà."

Ó ní, "Alihamudulilahi. Ó dáa tí n kò sún mọ́ ọn."

Gàníyù, mo fi abọ́ sílẹ̀, mo jáde, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé níbi tó gbé pẹpẹ jíjó mi sí lọ́jọ́un. Ó gbé ìtìjú mi pamọ́, èmi tí n kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, o gbé ìtìjú rẹ lé e lọ́wọ́ níwájú àlejò. Ọwọ́ tí o sọ pé kò sunwọ̀n ló pọ̀n ọ́ lọ sí ọsibítù nígbà tí èéyi fẹ́ mú ojú rẹ lọ. Òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀, bàbá rẹ wà ní ìrìn-àjò, èmi sì wà nínú oyún tí kò dúró. Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ojú tí o fi ń ka lẹ́tà yìí, ọwọ́ yẹn ló bá ọ gbà á padà.

Àwọn ìmọ̀ràn tó kù, n kò ní ka iye wọn mọ́. Má ṣe jẹ ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni tí wàá máa di ẹ̀bi ara rẹ rù. Àwọn mẹkáníìkì tó dàgbà jù ọ́ lọ wọ̀nyẹn, bí bọ́ọ̀sì bá dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ta ni wàá ní ọwọ́ rẹ̀ kò sunwọ̀n? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òòlù ni ìwọ fi mú tìrẹ. Bóòtù méjì ni wọ́n ṣe fún sítátà, méjì ni kí o máa fi dè é, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ẹni tí kò ní bojú wo abẹ́ rẹ̀ láéláé. Bí àgbà bá ní kí o tú u, tú u. Kí o sì máa jẹun lásìkò.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, wà ní Èkó. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ló ń pè ọ́. Bí a bá ti kírun tán, nígbà tí ojúde bá kún bíi ti ọjọ́ náà, kí o dúró síbi tí o ti rẹ́rìn-ín. Kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé Ọ̀gá Lásìsì kìlọ̀ fún ọ, pé o kò gbọ́, pé o ti mọ̀ nígbà tó dún "tàk" lẹ́ẹ̀kínní. Wo Ìyá Ráfíù lójú kí o tó sọ ọ́, má wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, tú páìpù náà lójú wọn. Kí wọ́n rí ibi tó ti yan ara sítátà dúdú. Má sọ fún Ìyá Àgbà pé kó wá tẹ bọ́tìnì kankan. Kò jẹ ọkọ̀ rẹ ní gbèsè. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Kí o wá gba ọmọ lápá Sìkírá, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e lé ọwọ́ Ìyá Àgbà, kí gbogbo wọn máa wò.

Bí Jímọ̀ bá kọjá tí n kò rí ọ, n ó wọ lọ́rì wá sí Ìbàdàn. O mọ̀ pé n kì í pariwo. N ó kàn dúró ní ẹnu géètì ibi iṣẹ́ rẹ, n ó sì máa sọ ọ́ fún gbogbo awakọ̀ tó bá ń wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́.

Awakọ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la ni n ó fi lẹ́tà yìí rán. Orúkọ Agùntáṣọọ́lò wà lọ́wọ́ mi. O mọ ibi tí wàá ti wá gbà á.

Ìyá rẹ,
Múínátù.

Mo fi èyí kún un kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo gbé ẹní mi lọ sí yàrá Ìyá Àgbà lálẹ́ àná, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ọwọ́ òun má bàa kàn mí lójú oorun. N kò sún. Mo na ọwọ́ sókè, mo mú tirẹ̀, ó fẹ́ fà á, mo dì í mú. Aago méjì ti lù kí ó tó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. Ìgbà yẹn ni mo dùbúlẹ̀.